Èèpo Kòkó Tí Òjò Pa

Abà Òdòfin,
Lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà.

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọkàn mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ara wa sì yá gágá. Ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà kejì, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dá mi dúró, ó ní, "Tíṣà, inú ọmọ yìí kò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Ẹ tún ibi ọ̀rọ̀ eérú yẹn kà." Mo tún un kà. Ibi tí o kọ ọ́ sí nìyí: "Bàbá mi, iṣẹ́ olùkọ́ tí mo rí yìí tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni mo fi ń wọn agbára omi eérú ní yunifásítì, kò sì sí ẹnì kan níbí tó bi mí léèrè rẹ̀. Àkọ́sórí ni wọ́n fẹ́ kí n máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó ń ṣe mí bíi pé òótọ́ lẹ sọ nígbà yẹn, pé mo kàn ń fi àkókò ṣòfò ni."

Hẹn-ẹn! Ìwọ kọ́ lo ni ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, òun náà ló wá padà wá bá mi nílé yìí. Dandan ni kí n gbà á padà. Wá àga tó dára, kí o jókòó. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Ojú ewé kan ni tèmi, ìdajì rẹ̀ á sì jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí o má sùn sínú òtútù. Èyí máa gùn díẹ̀.

Ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Mo dúpẹ́ gidigidi. Iṣẹ́ ìwádìí tí o ṣe lórí eérú yẹn, kí o tó gba oyè kẹ́mísírì, òun ló dá àbúrò mi padà fún mi. Àṣàkẹ́ ni mò ń wí, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Màmá Olódò. Ọdún méjìlá ni orúkọ rẹ̀ fi bàjẹ́ nínú àgbàlá wa nítorí ọṣẹ dúdú. Gbogbo ilé ló gbà pé òun ló ba ọṣẹ jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, ìwọ ọmọ mi ni o sì fi ìgò àti omi wá mi kàn, láìmọ̀ pé bàbá rẹ lò ń wá. Bí wọ́n ṣe ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan, tèmi kò tilẹ̀ rí ogún ọdún náà lò.

Bóyá o rántí díẹ̀ nínú ọdún yẹn. Ìwé kẹrin lo wà, eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún régé. Àṣàkẹ́ dé sọ́dọ̀ wa láti ilé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ méjì ló bí fún ọkùnrin náà, àwọn méjèèjì kò dúró. Lẹ́yìn èkejì, àwọn ará ilé ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bákan, ó bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wá sá di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ni mo jẹ́. Kò ní ẹlòmíràn.

O mọ bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ nílé wa. Iṣẹ́ ọkùnrin ni láti kó èèpo kòkó jọ lẹ́yìn tí a bá la kòkó tán, kó sì gbé e sábẹ́ ahéré títí yóò fi gbẹ. Tìyá rẹ ni láti jó o di eérú, kó da eérú sínú ajere oníhò, kó bu omi lé e, kí omi pupa yẹn máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Lọ́dún yẹn, mo la kòkó tán, mo fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ gègèrè láàárín oko. Mo ní màá padà wá kó o lọ́la. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ nígbà náà, mò ń kun ògiri, mò ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ìkíni. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ méje. Òjò àrọ̀kúrò rọ̀ lé e lórí léraléra. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé tí mo rántí, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbẹ táútáú, mo dì í, mo gbé e fún ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó lè wò ó kó mọ̀ pé òjò kàn án rí.

Ìyá rẹ jó o, ó sẹ́ omi rẹ̀. Ó ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n bí ìṣe rẹ̀, ó wá dúró. Ó tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń ṣàtúnṣe ìwé àwọn ọmọ, ó ní, "Bàbá Títí, omi eérú yìí kò ta ahọ́n mi o. Ṣé kò sí ohun tó ṣe èèpo kòkó yẹn lóko? Àbí òjò pa á ni?" N kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Òjò wo? Abẹ́ ahéré ló wà látọjọ́ tí mo ti la kòkó." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, ọmọ mi. N kò kàn fẹ́ kó pè mí ní ọ̀lẹ ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbà mí gbọ́. Ó gbà mí gbọ́ ju ahọ́n ara rẹ̀ lọ.

Òun, Àṣàkẹ́ àti àwọn obìnrin àdúgbò da omi náà pọ̀ mọ́ àdín, wọ́n rò ó títí apá fi ń ro wọ́n, ọṣẹ kò dì. Wọ́n se èkejì, ó ń yọ̀ wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ̀kẹta náà, bákan náà. Àdín tán nílé. Àwọn obìnrin ìdí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò dì, ojú ẹnì kan ló bà á jẹ́. Ta wá ni àlejò láàárín wọn? Àṣàkẹ́ ni. Ta ni ọmọ kò dúró fún? Àṣàkẹ́ náà ni. Ìyá rẹ kì í ṣe ìkà, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lójú gbogbo wọn ló ti nawọ́ sí i, tó ní, "Àṣàkẹ́, jọ̀ọ́, má sún mọ́ ìdí ọṣẹ mi mọ́. Ojú rẹ kò dára."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Àṣàkẹ́ wo ọ̀dọ̀ mi, bóyá màá sọ nǹkan. Mo yí padà wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Olódò. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ibẹ̀ ló ti bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó bá wá kí wa, kì í kọjá ìloro. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. O ti bi mí léèrè rí, nígbà tí o wà ní kékeré, pé kí ló dé tí Màmá Olódò kì í dé ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ní kí o lọ fọ abọ́.

Wàá ní, irú olùkọ́ wo nìyẹn? Jẹ́ kí n sọ irú olùkọ́ tí mo jẹ́ fún ọ, torí pé iṣẹ́ kan náà ni ìwọ náà wá gbà yìí, inú rẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà.

Èkíní, jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fọwọ́ kan nǹkan. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n ya òdòdó ìlú òyìnbó kan sí. N kò rí òdòdó náà rí, n kò sì tíì rí i di òní. Mo yà á sójú pátákó, mo sì fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ títí wọ́n fi ń kà á bí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Alábẹ̀wò dé. Ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn, ó bá mú ọmọ kan jáde lọ sí ẹ̀bá ọgbà tí òdòdó pupa kún bámúbámú. Ó já ọ̀kan, ó ní, "Fi àwọn ẹ̀yà rẹ̀ hàn mí." Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Sà, òdòdó kọ́ nìyí. Òdòdó wà nínú ilé, lójú pátákó." Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Nígbà tó lọ tán, mo na ọmọ náà. Mo nà án, Àbẹ̀kẹ́! Ohun tí mo kọ́ ọ ló sọ, mo sì nà án lé e lórí. Bí mo bá rántí ọmọ yẹn, ojú máa ń tì mí títí di òní.

Nítorí náà, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní àkọ́sórí làwọn fẹ́, má bá wọn jà. Àgbà ni wọ́n, ọrùn wọn sì ni ọ̀ràn ìdánwò wà. Kọ́ àkọ́sórí náà dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ọmọ yẹn ní ohun kan tí ìwọ pàápàá kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Omi kànga wo ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó ní ìlú yín? Kí ló dé tí kànga kejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ní kí wọ́n lọ wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá sọ fún ọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èwo ni ìdáhùn, sọ fún wọn pé o kò mọ̀. Wàá rí i bí ojú wọn yóò ṣe là. Èmi kò sọ "n kò mọ̀" lójú akẹ́kọ̀ọ́ rí fún odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ nǹkan kan.

Èkejì ni ti ohun tó bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí o kọ̀wé pé ọ̀gá rẹ ní yunifásítì ní kí o mú ohun kan ṣe ìwádìí rẹ̀ kí o tó jáde, tí o sì ní eérú lo mú, orí mi gbóná. Eérú ṣá? Ìyá Ràfíù aládùúgbò wa gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Ó ní, "Háà, Tíṣà! Yunifásítì náà ló ti wá ń kọ́ eérú? Ẹ bá mi wádìí bóyá wọ́n lè gbé oyè tèmi wá pàdé mi nílé, torí mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀ tipẹ́." Mo bínú wọ ọkọ̀, mo wá bá ọ. O rántí. Mo ní ìdánwò ni wọ́n fi ń gba oyè, wọn kì í fi eérú gbà á. Mo ní ohun tó wà láyé láti wá, àwọn òyìnbó ti wá a tán, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, kí o lọ kà á. O kò bá mi jiyàn. O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín."

O mú mi wọ lábù yín. O bu omi eérú sínú ife dígí, o kán nǹkan sí i, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. O wá gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fa ìlà sí lára ró lórí rẹ̀, o ń kán ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. O tún kán an. Lójijì, ẹ̀kán kan ṣoṣo, pupa náà pòórá, omi mọ́ kedere. Mo ké, "Ta ló mú un lọ?" Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. O ní iye tí ìgò bá kán kí pupa tó lọ, òun ni agbára tó wà nínú eérú náà. Orí mi wú, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mo mú ojú le, mo ní ó dára, kí o ṣá ka ìwé rẹ.

Ọjọ́ náà ni o sọ fún mi pé iṣẹ́ oṣù méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní omi kànga lẹ fi fọ àwọn ìgò, pé ohun tó wà nínú omi náà ti kó sí gbogbo ìṣirò yín, kò sì sí èyí tó ṣeé gbà gbọ́ nínú wọn. Omijé wà lójú rẹ. Dípò kí n rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, mo ní, "Ṣé o rí i? Àkókò lò ń fi ṣòfò." Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ibẹ̀ lo ti gbà á.

Dárí jì mí. Torí pé ohun tó yẹ kí n rí lọ́jọ́ náà ni pé ìwọ fúnra rẹ lo da iṣẹ́ oṣù méjì nù. Kò sí ẹni tó mú ọ. Bí o bá fẹ́, o lè kọ ohun tó bá ojú mu síbẹ̀, kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i, kí o sì máa lọ. Èmi ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ dà á nù, o nu ojú, o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìwádìí yẹn kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sí àkọ́sórí tó lè kọ́ ènìyàn ní irú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá gbé ohun tó bàjẹ́ wá bá ọ tó sì jẹ́wọ́, má ṣe é bí mo ṣe ṣe ọ́. Yìn ín kí o tó tọ́ ọ sọ́nà.

Mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́, bóyá ẹ̀kẹta. Ó kàn ìyá rẹ.

Nígbà tí o wálé fún ìsinmi gígùn, o kó èèpo kòkó jọ sí òkìtì méjì, láti ara igi kan náà. O fi ọ̀kan sábẹ́ ahéré, o fi èkejì sínú òjò. Ojoojúmọ́ lò ń lọ wò ó tìwé-tìwé. Àwọn ènìyàn ní ìwé ti yí ọmọ Tíṣà lórí. Lẹ́yìn náà o sá méjèèjì gbẹ, o jó wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, eérú méjèèjì sì jọra bí ìbejì. O sẹ́ omi wọn sínú ife méjì. O ti wọ̀n ọ́n nínú ìgò rẹ, o ti mọ ohun tó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n o kò sọ. O ní kí ìyá rẹ yí ẹ̀yìn padà, o yí ife pọ̀, o ní kó tọ́ ọ wò. Ó fi ìka kan ahọ́n. "Èyí rọ̀. Èyí ta." O tún yí i pọ̀. "Èyí ta. Èyí rọ̀." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo yí i, ẹ̀ẹ̀marùn-ún kò ṣì í. O dìde, o dì mọ́ ọn, o ní ahọ́n rẹ̀ àti ìgò yunifásítì ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ: èyí tí òjò pa, òjò ti fọ agbára rẹ̀ lọ sínú ilẹ̀, òun ló sì rọ̀. O wá kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé tí o ṣe, pé òun ni olùkọ́ rẹ nínú iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ewé yẹn. Gèlè tó ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fi di ìwé náà. Ẹni tó bá dé, yálà Kìrìsìtẹ́nì ni tàbí Mùsùlùmí, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ kó tó mu omi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni ọ̀rọ̀ yín jẹ́. Níbikíbi tí iṣẹ́ bá gbé ọ dé, kọ́kọ́ bi àwọn tó ni iṣẹ́ léèrè kí o tó gbé ìgò rẹ jáde, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí o ṣe sọ̀rọ̀ òjò yẹn tán, ìyá rẹ gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Yéè! Ahọ́n mi kò purọ́ nígbà náà! Omi ọdún tí Àṣàkẹ́ wà níbí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe rọ̀!" Ìwọ sì kọjú sí mi, pẹ̀lú ìwé àti kálámù lọ́wọ́ rẹ, o ní, "Bàbá, lọ́dún tí ọṣẹ yẹn bàjẹ́, níbo lẹ kó èèpo kòkó sí?"

Mo ní, "N kò rántí."

O wò mí, o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò mọ ibi tó wà. Bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe kọ ọ́. Mo rántí, Àbẹ̀kẹ́. Mo rántí ibi tí òkìtì náà wà, mo rántí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fa ìlà sí ohun tí o kọ yẹn, kí o kọ òtítọ́ sí i. Inú òjò ló wà, ọ̀sẹ̀ méje, bàbá rẹ ló fi í síbẹ̀.

Nítorí irọ́ kejì yẹn, ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ há sí àárín méjì. Ìyá rẹ ò dá a láre tán, kò sì dá a lẹ́bi mọ́. Á ní, "Bóyá òjò ni." Á tún ní, "Ta ló mọ̀?" Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ tún kọjá báyẹn. Ìgbà tí lẹ́tà rẹ wá dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o ní bóyá o fi àkókò ṣòfò, mo rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, ìwọ náà ni yóò tún kàn: ìwọ tí o rí òtítọ́ ni yóò máa rò pé òun kò rí nǹkan kan. N kò lè gbé ẹ̀bi méjì.

Mo pe ìyá rẹ jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó lọ fọ ìkòkò kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó padà wá. Ó ní, "Ọdún méjìlá ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé mo ṣi Àṣàkẹ́ sọ, kó dárí jì mí. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo ti ń gbà á. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe àmín."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi, èmi tí mò ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Ó wá ní, "Ẹ dìde. Ojú àwọn obìnrin ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Ojú wọn náà la ti máa tún un ṣe."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa méjèèjì lọ sí Olódò. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ sójúde Àṣàkẹ́ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. N kò ní kọ ohun tí wọ́n jọ sọ, tiwọn ni. Ohun tí mo lè kọ ni pé òní yìí, Àṣàkẹ́ wá. Ó kọjá ìloro. Ó dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ ti gbé ìkòkò ọṣẹ kaná, Ìyá Ràfíù àti àwọn yòókù sì wà níbẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo fi èèpo kòkó sínú òjò lọ́dún yẹn. Mo purọ́ pé abẹ́ ahéré ló wà. Àṣàkẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Lá ìláà! Tíṣà, ẹ mà ya ọ̀lẹ o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fi ọdún méjìlá sá fún nìyẹn, ọmọ mi. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ara mi, n kò sì kú.

Ìyá rẹ gbé igi ìròṣẹ lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. Ó rò ó, ó rò ó, ọṣẹ gbéra, ó dì. Ìyá Ràfíù ń sọ Alihamudulilahi, ìyá rẹ ń dá orin ìyìn, èmi ń sunkún bí ọmọdé. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè, pé ìwọ lo wọn eérú tó fi yé wọn. Ṣé bí ẹni tó fi àkókò ṣòfò ṣe rí nìyẹn? Bí wọn kò bá bi ọ́ léèrè níbẹ̀ yẹn títí ayé, a ti bi ọ́ níbí, o sì ti dáhùn. Ọlọ́run yóò ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ọ. Oyè rẹ dùn mọ́ mi, iṣẹ́ rẹ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n nítorí òkìtì méjì yẹn ni mo ṣe ń dúpẹ́ tí mo bá jí.

Mo rò pé ó ti parí. Mo sin Àṣàkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, mo ti dárí jì yín. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lójú wọn." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bí mo bá fẹ́ sún mọ́ ohunkóhun tó wà lórí iná, á ní, 'Màmá, ẹ sún sẹ́yìn, kí ojú yín má bà á jẹ́.' Kò mọ ohun tó ń sọ. Ó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni. Èmi náà á sì sún sẹ́yìn."

Mo ní kó sùn sílé wa, ó sì gbà. Lówùúrọ̀ ọ̀la, a jọ ń lọ sí Olódò, èmi yóò sì jókòó ti ọmọ náà, èmi àgbà, n óò sọ fún un ohun tí mo ṣe ìyá rẹ̀. N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Bá mi gbàdúrà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.